Ọwọ́ Tó Tẹ Kíbọ́ọ̀dù: Bí Ẹ̀rọ Ṣe Wọ Orin Fíìmù Íńdíà

Fèrè kan wà nínú fíìmù Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Nagin, tó jáde ní 1954, tó tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Fèrè àwọn tó ń pe ejò jáde lápẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní been: akèrègbè kékeré kan tí wọ́n ki ọ̀pá méjì bọ̀ nídìí. Nínú fíìmù náà, bí fèrè yìí bá ti ń dún, ara ọmọbìnrin tí Vyjayanthimala ṣe ipa rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́, àfi kó máa jó lọ síbi tí ohùn náà ti ń wá. Àwọn èèyàn wo fíìmù náà, wọ́n ra àwo orin rẹ̀, wọ́n sì gbà pé fèrè ni àwọn gbọ́. Kì í ṣe fèrè. Ẹ̀rọ ni.

Clavioline ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Ará Faransé kan, Constant Martin, ló ṣe é ní 1947. Ó jọ dùùrù kékeré, ṣùgbọ́n kò ní okùn nínú, kò sì ní afẹ́fẹ́: iná mànàmáná tó ń gba inú gílóòbù onígíláàsì kọjá ló ń di ohùn. Ohùn kan ṣoṣo ló lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn bọ́tìnnì wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ irú ohùn tó ń dún, irin kan sì wà nísàlẹ̀ tí èèyàn ń fi orúnkún tì kí ohùn lè ròkè tàbí kó rọlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kalyanji Virji Shah ló jókòó sídìí rẹ̀ ní Bombay, ìlú tí a mọ̀ sí Mumbai lónìí. Hemant Kumar ni olùdárí orin fíìmù náà. Ravi, igbákejì rẹ̀, ló ń tẹ harmonium lábẹ́ orin. Kalyanji wá ohùn tó ha, tó sì ń gba imú jáde bíi ti been, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ láìdánu dúró, bí ẹni tí èémí rẹ̀ kì í tán. Bí ẹ̀rọ ará Faransé ṣe di fèrè ará Íńdíà nìyẹn.

A mú ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé ìtàn orin ẹ̀rọ nínú fíìmù Íńdíà gbà. Àwọn kan á ní òyìnbó ló gbé e dé, pé ó sì ba orin ìbílẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn á ní A. R. Rahman ló dé ní 1992, tó yí gbogbo nǹkan padà lóòjọ́. Lójú tiwa, ìtàn méjèèjì fo àwọn kan dá. Àwọn tí wọ́n fò dá ni àwọn olórin alágbàṣe: àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ láti wá ta gìtá, láti wá lu ìlù, láti wá tẹ dùùrù fún orin tí orúkọ ẹlòmíràn yóò wà lára rẹ̀. Àwọn ni wọ́n mú ẹ̀rọ wọlé. Àwọn ni wọ́n kọ́ ọ ní èdè Íńdíà. Àwọn náà sì ni ẹ̀rọ lé jáde níkẹyìn.

Gbọ̀ngàn tó kún fún èèyàn

Kí ó tó lè yé wa ohun tí ẹ̀rọ yí padà, ó yẹ ká mọ bí ilé ṣe rí kó tó wọlé.

Alam Ara, fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀, jáde ní Bombay ní oṣù Kẹta ọdún 1931. Orin méje ló wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fíìmù tí kò lórin di ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, òṣèré fúnra rẹ̀ ló ń kọrin níwájú kámẹ́rà, àwọn onílù àti onífèrè á sì sápamọ́ síbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí wọn. Ní 1935, ilé iṣẹ́ New Theatres ní Calcutta bẹ̀rẹ̀ sí gba orin sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí òṣèré kàn máa la ẹnu sí i níwájú kámẹ́rà. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn akọrin tí ojú kò rí, ìgbà yẹn náà sì ni sítúdíò orin di ibi tí èèyàn ti lè jẹun ọmọ.

Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950 sí 1970, orin kan ṣoṣo lè gba nǹkan bí 100 olórin. Àwọn ọlọ́pọ́n violin, ọmọ ìyá gòjé tiwa, á tò ní ìlà-ìlà. Sitar á wà níbẹ̀, tabla àti dholak á wà níbẹ̀, sásófóònù, trọ́mpẹ́ẹ̀tì, gìtá àti accordion náà á jókòó ti ara wọn. Akọrin á dúró síwájú máíkì tirẹ̀, gbogbo wọn á sì ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹnì kan bá ṣi ìka tẹ̀, gbogbo ilé á tún un ṣe.

Ta ni àwọn èèyàn wọ̀nyí? Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta violin àti àwọn tó ń fọn fèrè onídẹ wá láti Goa, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọn Potogí títí di 1961. Ilé-ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Goa máa ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń ka orin lórí ìwé. Olùdárí orin fíìmù lè ní orin dídùn lọ́kàn, kó fi harmonium kọ ọ́ fún wọn gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa pín in fún violin, fún fèrè àti fún gìtá, tó máa kọ ti oníkálukú sórí ìwé, sábà máa ń jẹ́ ọmọ Goa: Sebastian D'Souza, Frank Fernand, Anthony Gonsalves.

Orúkọ wọn kì í sábà sí lára àwo. Orúkọ fíìmù ló ń wà níbẹ̀, àti ti olùdárí orin, ti akọrin àti ti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin. Ẹ wo ti Anthony Gonsalves. Ó kọ́ ọmọ kan tó ń jẹ́ Pyarelal ní violin. Ọmọ náà dàgbà, òun àti Laxmikant di olùdárí orin ńlá, àwọn ló sì ṣe orin Amar Akbar Anthony ní 1977. Nínú fíìmù náà, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n fún ẹni tí Amitabh Bachchan ṣe ipa rẹ̀, odindi orin kan sì wà tó dá lórí orúkọ yẹn. Gbogbo Íńdíà pe Anthony Gonsalves títí ẹnu fi bó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ̀ pé èèyàn gidi kan ń jẹ́ ẹ, pé ó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú gbọ̀ngàn sítúdíò.

Alejò nínú agbo

Irú gbọ̀ngàn yìí ni ẹ̀rọ wọ̀. Kò kọ́kọ́ lé ẹnikẹ́ni. Ó jókòó láàárín àwọn tó kù, bí àlejò tó wá bá wọn jó.

Ní àwọn ọdún 1970, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kersi Lord gbé Minimoog wọ orin fíìmù ní Bombay. Synthesizer ni: kíbọ́ọ̀dù tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, tí èèyàn lè máa yí bọ́tìnnì rẹ̀ títí tí ohùn náà yóò fi dà bí afẹ́fẹ́, bí omi tàbí bí ohun tí etí kò gbọ́ rí. Ọmọ onílù ni Kersi. Cawas Lord bàbá rẹ̀, òun, àti Burjor arákùnrin rẹ̀, inú sítúdíò fíìmù ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Ó ti lu ìlù, ó ti tẹ accordion, ó sì ti to orin fún àwọn ẹlòmíràn kó tó di ẹni tí wọ́n ń pè nítorí ẹ̀rọ. Ìdí tí alágbàṣe fi ń wá ẹ̀rọ tuntun kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ohùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun ni wọn yóò máa ránṣẹ́ sí.

R. D. Burman wà lára àwọn olùdárí orin tó mọ rírì irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń dún, orin ni lọ́dọ̀ Burman. Nínú Yaadon Ki Baaraat ní 1973, síbí tí wọ́n fi ń kan gíláàsì ló bẹ̀rẹ̀ orin kan. Nínú Sholay ní 1975, ìgò tí omi wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fẹnu fẹ́. Lójú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, synthesizer kì í ṣe nǹkan abàmì. Ìgò mìíràn ni, tí iná ń bẹ nínú rẹ̀.

Ibì kan tún wà ní Íńdíà tí irú ẹ̀rọ yìí ti dé ṣáájú. Ní 1969, ará Amẹ́ríkà kan, David Tudor, bá National Institute of Design ní Ahmedabad tò sítúdíò orin ẹ̀rọ kan tó ní synthesizer Moog. Àwọn ọmọ Íńdíà bíi Gita Sarabhai, I. S. Mathur, Atul Desai, S. C. Sharma àti Jinraj Joshipura ṣe orin níbẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ni, ó jinlẹ̀, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò jáde sí ìgboro. Ìgbà tí ó ti lé ní 40 ọdún ni olórin Paul Purgas rí àwọn téèpù náà níbi ìpamọ́, ó sì di 2023 kí wọ́n tó gbé wọn jáde fún aráyé gbọ́. Bí a bá fi ibẹ̀ wé Bombay, a ó rí ìyàtọ̀. Ní Ahmedabad, wọ́n ń bi ẹ̀rọ léèrè ohun tó lè ṣe. Ní Bombay, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́: ohùn tó máa mú ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì dìde lórí ìjókòó.

Dísíkò, àti ọkùnrin tó ṣáájú àkókò rẹ̀

Ní 1980, Qurbani jáde. Kalyanji, ọmọkùnrin Clavioline ìjọ́sí, ti di ọ̀gá báyìí. Òun àti Anandji àbúrò rẹ̀ ló ṣe púpọ̀ nínú orin fíìmù náà. Ṣùgbọ́n orin tí gbogbo èèyàn gbé kiri, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ti wá. London ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Biddu ló ṣe é, ọmọ Bangalore tó lọ fìdí kalẹ̀ ní Ìlú Ọba, òun náà ló sì wà lẹ́yìn Kung Fu Fighting tí Carl Douglas kọ ní 1974. Nazia Hassan, ọmọ Pakístàn, ló kọ orin Qurbani náà, ọmọ ọdún 15 sì ni. Ìlù ẹ̀rọ àti ohùn kíbọ́ọ̀dù orin yẹn mọ́ gaara létí, ó sì jẹ́ kí àwọn tó ń náwó sórí fíìmù mọ̀ pé orin lè tà láìsí ìlà violin.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Bappi Lahiri ṣe orin Disco Dancer. Fíìmù náà gbajúmọ̀ ní Íńdíà, ó sì gbajúmọ̀ gan-an ní Soviet. Ohun kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí a kò lè gbójú fò. Àwọn ọ̀tá fi iná mànàmáná sínú gìtá kan kí ó lè pa Jimmy, akọrin tí Mithun Chakraborty ṣe ipa rẹ̀. Ìyá Jimmy ló fọwọ́ kan gìtá náà, ó sì kú. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù gìtá ti ń ba ọmọ rẹ̀, tí kò lè kọrin mọ́, títí ìgboyà fi padà sára rẹ̀. Bóyá àwọn tó kọ ìtàn náà rò ó jìnnà tàbí wọn kò rò ó, iná tó ń mú orin dùn àti iná tó ń pani wà nínú ohun èlò kan náà.

Ní ọdún 1982 yẹn kan náà ni alágbàṣe kan ní Bombay pinnu láti ṣe orin tara rẹ̀. Charanjit Singh ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ta gìtá, ó sì ti tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú orin fíìmù fún ọ̀pọ̀ olùdárí orin. Irinṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Roland ní Jàpáànù ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: synthesizer Jupiter-8, ẹ̀rọ ìlù TR-808, àti àpótí kékeré TB-303 tí wọ́n ṣe kó lè dípò gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Ó mú raga mẹ́wàá, ìyẹn àwọn ìlànà ohùn tí orin àtijọ́ Íńdíà dúró lé, ó sì gbé wọn lé orí ìlù dísíkò. Àkọlé àwo náà ni Synthesizing: Ten Ragas to a Disco Beat.

Ẹni tó bá gbọ́ bí ìyá ìlù tiwa ṣe ń fa ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìgé e, yóò tètè mọ ohun tí Charanjit Singh rí nínú TB-303. Nínú raga, ọ̀nà tí èèyàn gbà rìn láti ohùn kan dé èkejì ṣe pàtàkì tó ohùn méjèèjì fúnra wọn. Dùùrù lásán kò lè ṣe é, nítorí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. TB-303 lè yọ́ láti orí ohùn kan bọ́ sórí òmíràn. Ohun tí àwọn tó ṣe é fi sínú rẹ̀ nítorí gìtá, òun ló lò fún raga.

Àwo náà kò tà. Ní 1987, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Chicago tí wọ́n ń pe ara wọn ní Phuture lo irú TB-303 kan náà ṣe Acid Tracks, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ irú orin ijó tí wọ́n ń pè ní acid house. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Nẹ́dálándì tún àwo Charanjit Singh tẹ̀ jáde ní 2010, orin tó ṣe ní ọdún márùn-ún ṣáájú ti Chicago jọ ọ́ débi pé àwọn kan rò pé ayédèrú ni, pé ẹnì kan ló jókòó sílé tó ṣe é láìpẹ́ tó fi ń tan aráyé. Kì í ṣe ayédèrú. Bàbá náà wà láàyè ní Mumbai. Ó tún lọ ṣeré ní Yúróòpù kó tó kú ní 2015. A kò sọ pé àwọn ará Chicago gbọ́ orin rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Ohun tí à ń sọ ni pé ọgbọ́n tí aráyé ń yìn ní Chicago, alágbàṣe kan ti dá a ní Bombay, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì mọ̀ nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti gbígba ohùn dé gbígba àṣẹ

Ní 1983, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò orin ní Amẹ́ríkà àti Jàpáànù fẹnu kò lórí èdè kan tí ẹ̀rọ á fi máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. MIDI ni wọ́n pè é. Nǹkan kékeré ló dà lójú, wáyà lásán, ṣùgbọ́n òun ló yí iṣẹ́ sítúdíò po. Tẹ́lẹ̀, ohùn ni téèpù ń gbà sílẹ̀. Pẹ̀lú MIDI, àṣẹ ni kọ̀ǹpútà ń gbà sílẹ̀: kọ́kọ́rọ́ wo ni ìka tẹ̀, ìgbà wo ló tẹ̀ ẹ́, báwo ló ṣe le tó. Bí ìka bá ṣìnà, èèyàn á tún ibi tó bàjẹ́ nìkan ṣe. Bí ohùn fèrè kò bá dùn mọ́, èèyàn á ní kí ohùn violin wá ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò sí ìdí láti pe 100 èèyàn padà sínú gbọ̀ngàn.

Ní gúúsù Íńdíà, ní Madras tí a mọ̀ sí Chennai lónìí, Ilaiyaraaja wà lára àwọn tó tètè gbọ́ èdè yìí. Ó ti di ìlú mọ̀ọ́ká láti 1976 pẹ̀lú Annakili, fíìmù tó gbé orin àwọn ará oko lé orí ohun èlò òyìnbó. Nígbà tó ṣe orin Punnagai Mannan ní 1986, kọ̀ǹpútà wà lára àwọn olórin rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan wà lára àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún un láwọn ọdún wọ̀nyẹn tí wọ́n ń pè ní Dileep.

Ìdílé alágbàṣe ni Dileep ti wá. R. K. Shekhar bàbá rẹ̀ ń to orin, ó sì ń darí àwọn olórin fún fíìmù ní èdè Malayalam. Ọmọ ọdún 9 ni Dileep nígbà tí bàbá náà kú. Àwọn ohun èlò orin tó fi sílẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń fi háyà kí wọ́n lè jẹun. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kíbọ́ọ̀dù fún owó, ó sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí ṣe orin ìpolówó ọjà. Ní 1989, ó kọ́ sítúdíò kan sí ẹ̀yìn ilé wọn ní Kodambakkam, ó pè é ní Panchathan Record Inn. Láàárín àkókò yẹn náà ni ìdílé wọn gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Dileep sì di A. R. Rahman.

Inú sítúdíò ẹ̀yìnkùlé yìí ni orin Roja ti jáde. Mani Ratnam ló darí fíìmù náà ní 1992. Ẹni tó bá ti mọ orin gbọ̀ngàn ńlá gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀: ìlù tó dún láti ìsàlẹ̀ ikùn, fèrè kan ṣoṣo tó gba gbogbo àyè, àti ìdákẹ́jẹ́. Olórin 100 kì í rọrùn láti pa lẹ́nu mọ́. Kọ̀ǹpútà mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Rahman máa ń ṣiṣẹ́ lóru, ó ń to orin ní ìpele-ìpele. Akọrin á wá lóun nìkan, á kọ ọ́ lónírúurú ọ̀nà, á sì lọ láìmọ èyí tí wọn yóò mú. Ẹni tó bá ń ta violin gidi náà á wá lóun nìkan. Roja gba àmì-ẹ̀yẹ orin tó ga jù lọ tí ìjọba Íńdíà ń fún fíìmù. Ní 1995, Rangeela gbé ọ̀nà Rahman wọ Bombay. Ní 2009, Slumdog Millionaire fi Oscar méjì lé e lọ́wọ́.

Ta ló san owó rẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ti àwọn olórin alágbàṣe burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀bẹ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pọ́n ló gé wọn.

Láàárín àwọn ọdún 1990, gbọ̀ngàn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo ní Bombay. Ọjọ́ iṣẹ́ ń dín kù, ó sì di pé ẹni tó ń ta violin láràárọ̀ lè lo oṣù kan kí fóònù rẹ̀ tó dún. R. D. Burman kú ní oṣù Kìíní ọdún 1994, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò sì rí ilé mìíràn wọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n lé wọn lọ́jọ́ kan. Kò sí ẹni tó kọ ìwé ìdádúró-níṣẹ́ fún alágbàṣe. Wọ́n kàn dẹ́kun pípè é ni.

A kò fẹ́ di ẹ̀bi yìí ru ẹnì kan. Rahman fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ alágbàṣe, ó sì ṣe ohun kan tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ṣe: ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn olórin sára ìwé tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fọn fèrè, ẹni tó ta gìtá, ẹni tó gba ohùn sílẹ̀, orúkọ wọn wà níbẹ̀. H. Sridhar, ẹni tó ń bá a gba ohùn sílẹ̀, di ẹni tí àwọn olólùfẹ́ orin mọ̀ dunjú. Ní 2008, Rahman dá KM Music Conservatory sílẹ̀ ní Chennai, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ violin àti bí wọ́n ṣe ń ka orin lórí ìwé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Goa ti ṣe láyé àtijọ́. Ẹni tí ayé mọ̀ sí ọ̀gá kọ̀ǹpútà ló kọ́ ilé fún àwọn ọlọ́pọ́n.

Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ ba orin Íńdíà jẹ́ kò rí i sọ lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà Kalyanji títí dé Rahman, ohun tí wọ́n ní kí ẹ̀rọ ṣe ni pé kó sọ èdè ilé: kó dún bíi fèrè ejò, kó rìn bíi raga, kó dákẹ́ bí òru abúlé Tamil. Orin kò sọnù. Iṣẹ́ òòjọ́ ló sọnù, ìyẹn ilé ńlá tí ọmọ Goa, ọmọ onílù àti ọmọ onísitar ti lè jókòó pọ̀ kí wọ́n sì gbowó lọ sílé.

Igi ganganran

Ìtàn yìí kò tíì parí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, orin kan jáde láti inú fíìmù Tamil tí wọ́n pè ní Lal Salaam. Rahman ló ṣe é. Ohùn àwọn ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀, Bamba Bakya àti Shahul Hameed. Àwọn méjèèjì ti kú kí wọ́n tó ṣe orin náà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ohùn wọn àtijọ́ kọ́ ló kọ ọ́. Àwọn kan inú wọn dùn láti tún gbọ́ wọn, ara àwọn mìíràn sì bù máṣọ. Rahman dáhùn pé òun gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí àwọn méjèèjì, òun sì san owó tó tọ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Ní 1954, èèyàn jókòó sídìí ẹ̀rọ kó lè dún bíi fèrè. Ní 1986, ẹ̀rọ gba àṣẹ ìka èèyàn sílẹ̀. Ní 2024, ẹ̀rọ gba ọ̀fun èèyàn pàápàá, ẹni tó ni ọ̀fun náà kò sì sí níbẹ̀ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹbí nítorí pé wọ́n mọ orúkọ akọrin. Ta ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi violin àwọn ọdún 1960 kọ́ kọ̀ǹpútà, nígbà tí orúkọ ẹni tó ta á kò sí lára àwo? Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Orúkọ tí a kò kọ sílẹ̀ lónìí, owó tí ọmọ ẹni náà kò ní rí gbà lọ́la ni.

Àwa tí à ń kàwé, tí àwọn kan nínú wa sì ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì, mọ fíìmù Íńdíà dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ló wò ó dàgbà. Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn orin wọn àtijọ́, ẹ fi akọrin sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ohùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń fà, tó ń yọ́, tó jọ fèrè tí kì í sì í ṣe fèrè. Ọwọ́ ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.